Ìṣọwọ́lò-èdè nínú ìdíyelé ìtàn àròsọ Yorùbá

Ìṣọwọ́lò-èdè nínú ìdíyelé ìtàn àròsọ Yorùbá ni ipa tí ọ̀nà tí òǹkọ̀wé ń gbà lo èdè ń kó nígbà tí àwọn lámèyítọ́, olùkọ́, atẹ̀wétà àti òǹkàwé bá ń pinnu bí ìwé ìtàn àròsọ kan ti dára tó. Nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti ìgbà tí ìwé D. O. Fágúnwà àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 1938, èdè ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà bí wọ́n bá fẹ́ yin òǹkọ̀wé, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ bù ú kù. Àwọn kan gbà pé èdè tí ó jinlẹ̀ ni ẹ̀rí pé òǹkọ̀wé mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé ẹwà èdè lè bo àìlera ìtàn mọ́lẹ̀, àti pé èdè tí kò mú ìtàn tẹ̀ síwájú kò yàtọ̀ sí aṣọ ẹ̀tù tí wọ́n gbé wọ igi.

Ìtumọ̀ àti àwọn èdè ìperí

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ ní èdè Yorùbá, ìṣọwọ́lò-èdè ni orúkọ tí a fún ọ̀nà àdáni tí òǹkọ̀wé ń gbà yan ọ̀rọ̀, tí ó ń gbà to gbólóhùn, tí ó sì ń gbà darí ohùn ìtàn. Ó yàtọ̀ sí ọnà èdè, tí í ṣe àwọn ohun èlò tí ó ń mú èdè lẹ́wà. Lára ọnà èdè ni àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àsọrégèé, àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà, òwe àti àkànlò èdè wà. Òǹkọ̀wé lè ní ọnà èdè púpọ̀ kí ìṣọwọ́lò-èdè rẹ̀ má sì ní ìdánimọ̀ kankan. Bákan náà ni ẹlòmíràn lè má fi bẹ́ẹ̀ lo òwe tàbí àfiwé, síbẹ̀ kí òǹkàwé dá gbólóhùn rẹ̀ mọ̀ láìrí orúkọ rẹ̀ lára ìwé.

Àwọn ohun mìíràn tí lámèyítọ́ máa ń yẹ̀ wò pẹ̀lú èdè ni àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, kókó ọ̀rọ̀ àti irú ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni bí ìwọ̀n èdè ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ tó bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àwọn ohun wọ̀nyí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá

Ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí ni ìtàn Ṣẹ̀gilọlá, èyí tí Isaac B. Thomas tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láàrin ọdún 1929 sí 1930, kí ó tó di ìwé ní ọdún 1930. Lẹ́tà ni Thomas fi kọ ọ́, bí ẹni pé obìnrin kan tí ó ti darúgbó tí àìsàn sì ti dá gúnlẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sí olóòtú ìwé ìròyìn láti jẹ́wọ́ bí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Èdè ibẹ̀ jẹ́ èdè Èkó ìgbà náà: orin ìjọ, ọ̀rọ̀ Bíbélì, òwe àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀ papọ̀. Ohùn obìnrin náà dún bí ohùn ènìyàn gidi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkàwé kan fi gbà pé òtítọ́ ni ìtàn náà. Èyí fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìṣọwọ́lò-èdè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ó lè mú kí ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí di ohun tí a gbà gbọ́. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún ìwé náà tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àlàyé lórí àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà.

Síbẹ̀, ìwé Fágúnwà ni ó di odù ńlá. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà (1903–1963) jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó. Ó kàwé ní Saint Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe olùkọ́ ní ìlú náà ní àwọn ọdún 1930. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní 1961.

Fágúnwà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Ohun tí ó gbé Fágúnwà ga lójú àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni bí ó ti mú èdè ẹnu wọ inú ìwé. Gbólóhùn rẹ̀ a máa gùn, a sì máa tò tẹ̀ léra wọn ní ìdọ́gba, bí ẹni tí ó ń kì oríkì. Ó ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ tààrà bí ọ̀rẹ́. Ó ń lo àsọrégèé láti mú ẹ̀rín jáde níbi tí ẹ̀rù yẹ kí ó wà. Ó ń dá orúkọ sílẹ̀ fún àwọn ẹbọra àti ẹ̀dá abàmì, orúkọ náà nìkan sì ti tó láti sọ ìwà wọn. Ó sì ń dá ìtàn dúró láti gba òǹkàwé nímọ̀ràn lórí ìwà rere, ọmọ títọ́, ìgbéyàwó àti iṣẹ́ ṣíṣe.

Àwọn lámèyítọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ̀wé lórí rẹ̀ kò fojú fo èdè yìí dá. Ulli Beier kọ àpilẹ̀kọ kan lórí Fágúnwà nínú Black Orpheus ní 1965, ó sì ka agbára ọ̀rọ̀ sísọ sí ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ayọ̀ Bámgbóṣé, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ odindi ìwé kan lórí àwọn ìtàn Fágúnwà ní 1974, ìlò èdè sì wà lára àwọn ohun tí ó tú wò fínnífínní. Abiọlá Irele, nínú àpilẹ̀kọ tí ó jáde ní 1975, fi Fágúnwà, Tutùọlá àti Ṣóyínká sí ojú ìlà kan ṣoṣo, ó sì fi hàn pé ọ̀nà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà ronú kò ṣe é yà kúrò lára èdè tí wọ́n jogún.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn lámèyítọ́ kan náà tí wọ́n yin èdè Fágúnwà ni wọ́n rí àléébù ìtàn rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ a máa rí bí ìrìn àjò tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ń tẹ̀ lé òmíràn láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Wọ́n ní ìwàásù ibẹ̀ pọ̀, àti pé àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Bí a bá fi àhunpọ̀ ìtàn nìkan wọn Fágúnwà, ipò rẹ̀ yóò rẹlẹ̀. Bí a bá fi èdè wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tí ó ga jù ú lọ. Ibí yìí ni ìjà lórí òṣùwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn Fágúnwà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá a máa kọ ọ́ bí Fágúnwà, tàbí kí ó mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Isaac O. Délànọ̀ yà nínú Aiyé D'Aiyé Òyìnbó (1955), nítorí ó fi igbó ìwin sílẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí bí ìjọba òyìnbó ti wọ ìlú. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ìlú rẹ̀ wà ní agbègbè Ọ̀yọ́, kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969) lórí ìjàkadì àwọn tí ó wà lábẹ́ àkóso Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti gba òmìnira. Akéwì ni Fálétí pẹ̀lú, èyí sì hàn nínú bí gbólóhùn rẹ̀ ti ní ìlù nínú.

Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ síra hàn kedere. Kọ́lá Akínládé, tí ó dá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akin Olúṣínà sílẹ̀, lo èdè tí ó mọ́ lóló. Nínú ìwé bí Ówó Ẹ̀jẹ̀ (1976), ojú ni òǹkàwé fi ń wá ẹ̀rí, gbólóhùn kò sì dá a dúró lójú ọ̀nà. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1929–2019), ọmọ Ọ̀yọ́, gba ọ̀nà mìíràn nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń tẹ̀ lé nítorí ẹ̀rí nìkan. Òǹkàwé ń tẹ̀ lé e nítorí àwàdà, ìfọ̀rọ̀dárà, òwe tí wọ́n yí padà àti ọ̀rọ̀ àárín ìgboro. Bí a bá bi òǹkàwé méjì léèrè èwo nínú àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ni ó mọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ jù, ìdáhùn wọn yóò sọ ohun tí olúkúlùkù wọn ń béèrè lọ́wọ́ èdè.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1939–2018) mú ìyípadà mìíràn wá nínú Ó Le Kú (1974). Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ẹ̀dá ìtàn ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì ni kókó rẹ̀. Ìtàkùrọ̀sọ ni ó gbé púpọ̀ nínú ìtàn náà, èdè ibẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀dọ́ ìlú ńlá ní àkókò náà. Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù ní 1997. Nínú Ogún Ọmọdé (1990), Ìṣọ̀lá kan náà padà sí abúlé, èdè rẹ̀ sì yí padà bá ojú ọmọdé tí ó fi ń wo ayé. Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan nìyí fún lámèyítọ́: òǹkọ̀wé kan ṣoṣo lè ní ju ìṣọwọ́lò-èdè kan lọ, ohun tí ìtàn bá sì ń fẹ́ ni ó yẹ kí ó pinnu èyí tí yóò lò.

Ọ̀rọ̀ Amos Tutùọlá

Kò sí ibi tí èdè ti di ẹjọ́ ńlá bí ti Amos Tutùọlá (1920–1997), ọmọ Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952 láti ọ̀dọ̀ Faber and Faber. Tutùọlá kò kàwé púpọ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Èkó ni ó sì ń ṣe nígbà náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tẹ̀ lé òfin gírámà tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Àwọn atẹ̀wétà rẹ̀ sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti kọ ọ́.

Akéwì ọmọ Wales, Dylan Thomas, yin ìwé náà nínú ìwé ìròyìn The Observer ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n nílé, inú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò dùn. Ní 1954, lẹ́tà àríyànjiyàn lórí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn West Africa. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé àwọn òyìnbó yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́ yìí ṣe ẹ̀rí pé aláwọ̀ dúdú kò lè sọ èdè tí ó gún. Àwọn mìíràn ní ìtàn tí Fágúnwà ti sọ dáadáa ní Yorùbá ni ó tún sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò dára. Ọ̀ràn òmìnira wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Nàìjíríà kò tíì gba ìjọba ara rẹ̀ nígbà náà, gbogbo ohun tí aláwọ̀ dúdú bá sì kọ ni wọ́n ń gbé wò bí ìwé ẹ̀rí.

Nígbà tí ó yá, ìdíyelé náà yí padà. Adébísí Afọláyàn, onímọ̀ èdè, ṣe ìtúpalẹ̀ gbólóhùn Tutùọlá, ó sì fi hàn pé òfin gírámà Yorùbá ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n pè ní àṣìṣe. Chinua Achebe ní tirẹ̀ kọ àròkọ kan, tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ Hopes and Impediments (1988), níbi tí ó ti ka ìwé náà sí ìtàn tí ó ní ẹ̀kọ́ ìwà nípa iṣẹ́ àti ìgbádùn: ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mu ẹmu gbọ́dọ̀ san án padà pẹ̀lú làálàá. Afọláyàn gbèjà èdè náà. Achebe ní tirẹ̀ rán òǹkàwé létí pé èdè kọ́ ni gbogbo ìwé. Ìdáhùn méjèèjì ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Tutùọlá nù kì í ṣe pé wọ́n yẹ èdè rẹ̀ wò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Bí a ṣe ń díwọ̀n ìṣọwọ́lò-èdè

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ tí ó sì rọrùn jù ni kí a ka ọnà èdè inú ìwé: òwe mélòó, àfiwé mélòó, àkànlò èdè mélòó. Ọ̀nà yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ bí a ti ń dá ọnà èdè mọ̀, ṣùgbọ́n kò tó fún ìdíyelé. Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù ni ohun tí ọnà èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbi tí ó wà. Àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀ lé e yìí lè mú un yéni. Ká ní òǹkọ̀wé kan fẹ́ sọ bí obìnrin kan ti dé ìlú tí kò mọ̀:

Àdùkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Fìdítì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ẹnì kan níbẹ̀.

Òǹkọ̀wé mìíràn lè sọ ohun kan náà báyìí:

Nígbà tí Àdùkẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Fìdítì, òjò ti dé bá àwọn ọlọ́sàn ẹ̀bá títì bí olówó tí ó wá sin gbèsè; gbogbo ojú tí ó wò ó, ojú àjèjì ni, gbogbo ilẹ̀kùn tí ó rí, ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni.

Nínú èkejì, àfiwé tààrà wà, ìdọ́gba gbólóhùn wà, ìfọ̀rọ̀dárà díẹ̀ sì wà pẹ̀lú. Bí a bá ń ka ọnà èdè nìkan, èkejì ni yóò gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ọmọ ni Àdùkẹ́ gbọ́ tí ó fi wọ ọkọ̀, ẹni tí ó wà nínú irú ìpayà bẹ́ẹ̀ kì í ráyè wá àfiwé fún òjò. Gbólóhùn mẹ́ta kúkúrú náà ni yóò bá ọkàn rẹ̀ mu. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbèsè ni ó lé e kúrò nílé, àfiwé olówó tí ó wá sin gbèsè ti sọ àṣírí rẹ̀ kí ìtàn tó sọ ọ́, ọnà èdè náà sì ti ṣiṣẹ́. Èyí ni ìdí tí a kò fi lè dá gbólóhùn kan lẹ́jọ́ láìmọ ìtàn tí ó yí i ká.

Láti inú irú ìtúpalẹ̀ báyìí ni àwọn ìbéèrè kan ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń díye lé ìtàn àròsọ:

Ìbámu: ṣé èdè tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ń sọ bá ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ipò rẹ̀ mu? Ọmọ ọdún méje tí ó ń pa òwe àgbà ní gbogbo ìgbà ti di ẹnu òǹkọ̀wé.

Ìṣẹ̀dá: ṣé àfiwé náà jẹ́ ti òǹkọ̀wé, àbí èyí tí gbogbo ènìyàn ti lò títí tí kò fi ní adùn mọ́?

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ṣé èdè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́?

Ìró: ṣé gbólóhùn náà dùn létí bí a bá kà á sókè? Èdè olóhùn ni Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀dárà rẹ̀ sì wà nínú ohùn.

Ìmọ́lẹ̀: ṣé òǹkàwé mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀ka-èdè, àkọtọ́ àti òǹkàwé

Èdè Yorùbá àjùmọ̀lò tí wọ́n fi ń kọ̀wé ní gbòǹgbò nínú ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àfikún láti ìhà Ẹ̀gbá àti Èkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀ nípasẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fún ìdí èyí, ọmọ ìlú bíi Fìdítì, Ìlọ́ra tàbí Awẹ́ ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, tí wọ́n wà láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ń gbọ́ nílé èdè tí ó súnmọ́ èyí tí ó wà nínú ìwé. Ọmọ Èkìtì, Ìkálẹ̀, Ìjẹ̀bú tàbí ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin kò ní irú àǹfààní náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìjìnlẹ̀ Yorùbá nínú ìwé lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ létí ẹnì kan, kí ó sì jẹ́ àjèjì létí ẹlòmíràn.

Èyí kan ìdíyelé tààrà. Bí lámèyítọ́ bá ka lílo ẹ̀ka-èdè sí àṣìṣe, òǹkọ̀wé yóò máa bẹ̀rù láti jẹ́ kí arúgbó Oǹdó sọ̀rọ̀ bí ará Oǹdó. Bí ó bá sì gbà á láìbéèrè ohun tí ó ń ṣe, òǹkàwé tí kò gbọ́ ẹ̀ka-èdè náà lè sọnù. Fágúnwà fúnra rẹ̀, tí Òkè-Igbó jẹ́ ilé rẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó fi kọ àwọn ìwé rẹ̀.

Àkọtọ́ tún dá kún un. Àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 yí bí wọ́n ti ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ padà, bí aiyé tí ó di ayé. Ìwé tí wọ́n kọ ní àkọtọ́ àtijọ́ lè dàbí ìwé tí kò péye lójú akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà ni ó yí padà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìní àmì ohùn pẹ̀lú a máa fi òǹkàwé sínú ìnira, nítorí àìsí àmì lè mú kí gbólóhùn tí ó dára jù lọ dún bí ohun tí kò ní ìtumọ̀. Àṣìṣe títẹ̀ kò yẹ kí ó di àléébù ìṣọwọ́lò-èdè.

Ilé ẹ̀kọ́ àti ìdíje

Nílé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, lítíréṣọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fi Yorùbá dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú ìdánwò àṣejáde WAEC. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa dáhùn ìbéèrè lórí àhunpọ̀ ìtàn, ìwà ẹ̀dá ìtàn àti ìlò èdè inú ìwé tí wọ́n yàn. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ àkọsórí àwọn òwe inú ìwé láìlè sọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi fi wọ́n síbẹ̀.

Nínú ìdíje pẹ̀lú, èdè lè dá ẹ̀bùn dúró. Ẹ̀bùn Nigeria Prize for Literature, tí iṣẹ́ tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè jẹ, bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ní 2015, tí ó jẹ́ ọdún ìwé ọmọdé, kò sí ẹni tí ó gbà á nínú ìwé 109 tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ohun tí àwọn adájọ́ tọ́ka sí ni àìpegedé nínú ìlò èdè àti àìsí àtúnṣe olóòtú tí ó péye. Ìpinnu náà fi hàn pé èdè kì í ṣe ọ̀ràn òǹkọ̀wé nìkan. Iṣẹ́ olóòtú àti ti ilé ìtẹ̀wé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtumọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò

Ìtumọ̀ sí èdè mìíràn a máa fi hàn ibi tí agbára ìwé wà. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 pẹ̀lú àkọlé The Forest of a Thousand Daemons. Kò gbìyànjú láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí. Ó wá ohun tí yóò ṣiṣẹ́ bákan náà létí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn kọjá sí èdè kejì láìsí wàhálà púpọ̀. Ìró ohùn, orúkọ tí ó ní ìtumọ̀ àti ìfọ̀rọ̀dárà ni ó fa iṣẹ́. Ìṣọ̀lá náà túmọ̀ ìwé Ṣóyínká méjì sí Yorùbá: Ikú Olókùn Ẹṣin (1994) àti Aké: Ní Ìgbà Èwe (2001). Iṣẹ́ àwọn méjèèjì jẹ́rìí sí i pé ohun tí ó ṣòro jù láti gbé kọjá ni ìṣọwọ́lò-èdè.

Àríyànjiyàn ní ibòmíràn

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1963, Obi Wali bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nínú ìwé ìròyìn Transition pé lítíréṣọ̀ tí wọ́n fi èdè òyìnbó kọ kò ní lọ jìnnà. Ní 1964, Gabriel Okara gbé ìtò gbólóhùn Ìjọ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì nínú The Voice. Ní 1985, Ken Saro-Wiwa mọ̀ọ́mọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó dàrú kọ Sozaboy láti fi ohùn ọ̀dọ́kùnrin tí ogun gbé lọ hàn. Ohun tí wọ́n fi bú Tutùọlá ti wá di ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ní 1980, Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike, tí wọ́n pe ara wọn ní lámèyítọ́ bọ́lẹ̀kájà, bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tí èdè wọn lọ́jú pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní Amẹ́ríkà, B. R. Myers kọ àpilẹ̀kọ kan nínú The Atlantic ní 2001, níbi tí ó ti fi ẹ̀sùn kan àwọn lámèyítọ́ pé wọ́n ń yin gbólóhùn tí ó ń ṣe fáàrí, wọ́n sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìtàn tí ó já geere.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àríyànjiyàn ti Amẹ́ríkà àti ti Yorùbá ni ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ẹ̀sùn náà ni pé èdè tí ó lọ́jú ń lé òǹkàwé lásán sẹ́yìn. Nílẹ̀ Yorùbá, ìbẹ̀rù méjì ni ó ń bá ara wọn jà: ìbẹ̀rù pé bí òǹkọ̀wé bá fi ìjìnlẹ̀ èdè sílẹ̀, kò ní sí ibi tí ọmọ tí a bí sí ìlú ńlá tàbí òkè òkun yóò ti bá a pàdé mọ́, àti ìbẹ̀rù pé bí ìjìnlẹ̀ bá pọ̀ jù, ọmọ kan náà kò ní ṣí ojú ìwé kejì. Àwọn tí ó di ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ mú ń ka ìwé sí ilé ìṣúra èdè. Àwọn tí ó di èkejì mú ń kà á sí ọ̀nà tí èdè fi ń rí òǹkàwé tuntun.

Àwọn ìwé tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé kò gbè sí ẹ̀yìn ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Fágúnwà pẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn gígùn, Ó Le Kú pẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀dọ́, Lápàdé sì pẹ́ pẹ̀lú àwàdà rẹ̀. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí a bá yọ èdè náà kúrò kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ìtàn náà kò ní jẹ́ ìtàn kan náà mọ́.